El Greco àti pàṣán Jésù: kí ló ń wá tó fi ya ìtàn kan ṣoṣo láti ìgbà ọ̀dọ́ títí dọjọ́ alẹ́ rẹ̀?

Ọlọ́dà kọ:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ àwòrán ni mo gbé wá lónìí, ó sì gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

El Greco ni gbogbo ayé ń pe ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Domenikos Theotokopoulos ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìlú Candia ní erékùṣù Kírétè ni wọ́n ti bí i ní 1541, nígbà tí ìlú Venice ní Ítálì ń ṣàkóso ibẹ̀. Ní nǹkan bí 1567 ló kọjá sí Venice, ó dé Róòmù ní 1570, ó sì wà ní Toledo ní ilẹ̀ Sípéènì láti 1577 títí tó fi kú ní 1614. Ìtàn Bíbélì kan wà tí kò fi sílẹ̀ ní gbogbo ibi tó rìn dé. Ìtàn ọjọ́ tí Jésù wọ tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù ni, tó dojú tábìlì àwọn onípàṣípààrọ̀ owó dé, tó sì lé àwọn tó ń ta màlúù, àgùntàn àti àdàbà síta.

Márùn-ún ni mo fẹ́ ká fi ṣe ẹ̀rí. Èyí àkọ́kọ́ wà ní ilé àwòrán National Gallery of Art ní Washington, ní Amẹ́ríkà, orí pákó ló yà á sí, ṣáájú 1570. Èkejì wà ní ilé àwòrán kan ní Minneapolis, ní Amẹ́ríkà náà, ó yà á láàárín 1570 sí 1575, nígbà tó ṣì wà ní Ítálì. Ọdún gorí ọdún kó tó tún yọ ìtàn náà jáde ní Toledo, ní nǹkan bí 1600: ọ̀kan wà ní Frick Collection ní New York, èkejì wà ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù. Èyí tó gbẹ̀yìn wà nínú ìjọ San Ginés ní Madrid, láàárín 1610 sí 1614, ìyẹn nígbà tí ikú ti sún mọ́ ọn.

Ohun tó wú mi lórí nìyí. Jésù kò kúrò lójú kan nínú máràrùn-ún. Àárín ló wà, ó yí ìbàdí, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá àyà, pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ nà án sí apá òsì àwa tí à ń wò ó. Ohun tó yí i ká ló ń yàtọ̀, débi pé ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ìjà inú ọjà parí sí ìdájọ́. Mo gbà pé ọkùnrin yìí ń ronú lórí ìtàn náà ni, ó sì ń fi ọ̀dà ronú. Kí lẹ rí sí i?

Aláròyé kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ parí rẹ̀ sí ni mi ò ti gbà. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni iṣẹ́ ayàwòrán nígbà náà. Bí oníbàárà bá ní kó ya irú ti lágbájá fún òun, yóò yà á.

El Greco kò sì fi ọ̀rọ̀ owó ṣeré rárá. Ẹ wo àwòrán ibi tí wọ́n ti fẹ́ bọ́ aṣọ lára Jésù, èyí tó yà fún kàtídírà Toledo láàárín 1577 sí 1579. Àwọn tó bá a díye lé e ní iṣẹ́ náà tó 900 ducat, owó wúrà ìgbà náà. Àwọn ará kàtídírà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n fà á títí, 350 ló gbà nígbẹ̀yìn. Ẹ tún wo Francis Mímọ́ ti Assisi: àwọn tó jáde láti ọwọ́ rẹ̀ àti láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ lé ní 100. Àwọn èèyàn Toledo fẹ́ràn Francis, ó sì ń yà á fún wọn.

Ẹ̀rí mìíràn rèé. Francisco Pacheco, ayàwòrán ará Seville, lọ kí i nílé ní 1611. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé El Greco mú òun wọ yàrá kan tí gbogbo ohun tó ti yà láyé rẹ̀ wà, tó tún wọn yà sórí kánfáàsì kéékèèké. Kí lèèyàn ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ fún, bí kì í bá ṣe kí oníbàárà lè wọlé wá yan èyí tó wù ú? Ó ṣeé ṣe kí ti Frick, tí kò ju nǹkan bí 42 sẹ̀ǹtímítà ní gíga àti 52 ní fífẹ̀ lọ, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ọlọ́dà kọ:

Àbúrò mi, mi ò bá ẹ jiyàn pé ó ń tajà. Ó níyàwó ilé tàbí kò ní, Jerónima de las Cuevas bímọ fún un, Jorge Manuel, ní 1578, ó sì ní láti bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Pacheco tí o mú wá, èmi náà fẹ́ lò ó. Ẹni tó kó gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀ sínú yàrá kan ń fojú kan wọn lójoojúmọ́ ni. Kò sí àwòrán kankan tó parí fún un. Èyí tó yà nígbà tó lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún 25 ń wò ó nígbà tó lé ní 60.

Jẹ́ ká fi ọwọ́ kan àwòrán náà fúnra rẹ̀. Ti Washington kéré, nǹkan bí 65 sẹ̀ǹtímítà ní gíga, 83 ní fífẹ̀. Ọjà ló kún inú rẹ̀! Àgùntàn ń bẹ nílẹ̀, àdàbà wà nínú àgò, àwọn obìnrin tí aṣọ ti yẹ̀ lára wọn wà níbẹ̀, àwọn òpó gíga dúró yí ká, ojú sánmà sì ń hàn láti ìta. Ojú ẹni kò mọ ibi tí yóò bà sí. Ọ̀dọ́ ló yà á, ọmọ Kírétè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú Titian àti Tintoretto, àwọn ayàwòrán ńlá Venice, tó fẹ́ fi hàn pé òun náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń ya ilé kó jìn sẹ́yìn, tí òun sì lè ya ara ihòòhò. Ó fi lẹ́tà Gíríìkì kọ orúkọ rẹ̀ sí i, bó ṣe máa ń ṣe títí ayé rẹ̀.

Wá lọ wo ti Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí wàhálà ẹran àti ẹyẹ mọ́. Àwọn èèyàn ti sún mọ́ iwájú, wọ́n sì ti pín sí ọ̀nà méjì gedegbe. Àwọn oníṣòwò wà lápá òsì wa, ara wọn lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n ń sá, wọ́n ń fi apá gba pàṣán. Lápá ọ̀tún, àwọn kan dúró jẹ́ẹ́, àgbàlagbà ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí owó nìkan bá ni ó ń lé, kí ló dé tó fi gba ara rẹ̀ níyànjú láti palẹ̀ gbogbo ọjà yẹn mọ́? Ẹ̀dà ti Washington ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù.

MàmáSọ́ńdèSúkúù kọ:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀dà, ṣùgbọ́n mo mọ ìtàn yẹn dáadáa, ọdọọdún ni mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìjọ wa. Ìwé Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sọ ọ́: Mátíù 21, Máàkù 11, Lúùkù 19, Jòhánù 2. Jòhánù nìkan ló dárúkọ pàṣán. Ó ní Jésù fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe é. Jòhánù náà ló fi ìtàn náà sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Jésù, kété lẹ́yìn ìgbéyàwó Kánà. Àwọn mẹ́ta yòókù fi í sí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n pa á.

Ìbéèrè mi ni pé ta ni ayàwòrán yìí tẹ̀ lé? Àti pé nínú Jòhánù, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹran ni Jésù fi pàṣán lé. Ṣé èèyàn ló ń nà nínú àwòrán yìí?

ÀdìsáLọ́ńdọ̀nù kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Màmá. Èèyàn ló dojú pàṣán kọ, mà. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, National Gallery ní Trafalgar Square kò gba owó ìwọlé, nítorí náà mo ti dúró níwájú rẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì rí i.

Ó fẹ̀ díẹ̀ ju mítà kan lọ, 106 sẹ̀ǹtímítà ní gíga àti 130 ní fífẹ̀. Aṣọ Jésù pupa, ìborùn rẹ̀ búlúù, kò sì sí ẹlòmíràn tí aṣọ rẹ̀ tàn tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn èèyàn náà. Ojú rẹ̀ kò le. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ṣe mí ní kàyéfì. Apá rẹ̀ ń bínú, ojú rẹ̀ tutù. Ọkùnrin kan wà lápá òsì tó ká apá sókè lórí ara rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, ẹ óò rí iṣan ìhà rẹ̀. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ọ̀dà funfun ló fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì gún sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ba aṣọ, kò tún un fọwọ́ pa kó jọ̀lọ̀. Ẹ sún sẹ́yìn, ó di aṣọ tó ń dán.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ kí Màmá gbọ́ nìyí. Ògiri tẹ́ḿpìlì ní ère kékeré méjì tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, aláwọ̀ eérú, ẹni tó ń yára kọjá lè má rí wọn. Èyí tó wà lórí àwọn oníṣòwò ni Ádámù àti Éfà tí wọ́n ń lé kúrò ní ọgbà Édẹ́nì. Èyí tó wà lórí àwọn tó dúró jẹ́ẹ́ ni Ábúráhámù tó fẹ́ fi Ísáákì rúbọ. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn nínú Ìhìn Rere tí ẹ dárúkọ. Òun ló fi wọ́n síbẹ̀. Èyí tí wọ́n lé nítorí àìgbọràn wà lápá kan, èyí tó gbọ́ràn débi pé ó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ lélẹ̀ wà lápá kejì. Mo fara mọ́ ti Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́dà: ìdájọ́ nìyẹn.

MàmáSọ́ńdèSúkúù kọ:

Adìsá ọmọ mi, o ṣeun, Olúwa á bù kún ẹ. Ti Ísáákì yẹn dùn mọ́ mi gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, bó bá jẹ́ ìdájọ́ ni, Mátíù 25 ní àwọn àgùntàn yóò wà lọ́wọ́ ọ̀tún Ọmọ Ènìyàn, àwọn ewúrẹ́ lọ́wọ́ òsì. Bí àwọn oníṣòwò bá wà lápá òsì àwa tí à ń wòran, ọwọ́ ọ̀tún Jésù ni wọ́n wà yẹn. Ó ti gbé àwọn ẹni ìbáwí sí ibi tó yẹ kí àwọn olódodo wà.

Akẹ́kọ̀ọ́Áàtì kọ:

Màmá, ìbéèrè tó dára jù lórí òpó yìí nìyẹn, mà. Èmi rò pé inú rẹ̀ gan-an la ti lè rí bí ọkùnrin yìí ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ètò yẹn ti wà láti ara pákó Washington. Nígbà yẹn, kò tíì sí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ níbẹ̀, kò tíì pín àwọn èèyàn sí ẹni rere àti ẹni burúkú. Ó kàn ń wá bí ara yóò ṣe lọ́ kó lẹ́wà ni, apá tó kọjá àyà ló sì fún un ní ohun tó ń wá: ọwọ́ ọ̀tún lọ sápá kan, ibi tó fẹ́ nà wà lápá kejì. Kò sì dá a rò látinú òfìfo. Michelangelo, ọ̀gá ayàwòrán Ítálì, ti ya ìlà orí bébà lórí ìtàn yìí kan náà, wọ́n wà ní British Museum, ayàwòrán mìíràn, Marcello Venusti, sì gbé wọn lé ọ̀dà, ó wà ní National Gallery kan náà tí Adìsá ń lọ. Nígbà tó fi máa di 1600 tó fẹ́ sọ ìtàn náà di ìdájọ́, ara Jésù yẹn ti di tirẹ̀. Bó bá yí i padà kó lè bá Mátíù 25 mu, apá yẹn á bàjẹ́. Ó fi Jésù sílẹ̀ bó ṣe wà, ó wá lọ gbé Ádámù àti Ísáákì sára ògiri kí wọ́n bá a sọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì kò lè sọ. Ohun tó ti yà rí kò jẹ́ kó lọ sí ọ̀nà kan, ó bá la ọ̀nà mìíràn.

Aláròyé kọ:

Mo gbọ́. Àlàyé yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ Minneapolis, òun ló sì rú mi lójú jù. Kí ni orí àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ń wá níbẹ̀? Wọn kò wo Jésù, wọn kò sí nínú ìtàn.

Akẹ́kọ̀ọ́Áàtì kọ:

Àwọn tí El Greco gbà pé òun jẹ ní gbèsè ẹ̀kọ́ ni. Titian ni ti àkọ́kọ́, Michelangelo tẹ̀ lé e, Giulio Clovio, tó ń ya àwòrán kéékèèké sínú ìwé, ṣìkẹta. Ẹ̀kẹrin ni àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lé lórí. Raphael ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń pè é, àwọn mìíràn ní Correggio ni.

Clovio kì í ṣe ẹni ńlá bíi ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n òun ló ṣe é lóore jù. Ní oṣù kọkànlá 1570, ó kọ lẹ́tà sí Kádínà Alessandro Farnese pé ọ̀dọ́ kan láti Candia ti dé Róòmù, ọmọ ẹ̀yìn Titian, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó fún un ní yàrá láàfin rẹ̀. Ọ̀dọ́ náà rí yàrá. Ó wá ya ojú Clovio mọ́ ti Titian àti ti Michelangelo nínú tẹ́ḿpìlì Ọlọ́run. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Ti Michelangelo ló ṣòro. Pacheco yẹn kan náà ló kọ ọ́ pé El Greco sọ fún òun pé èèyàn rere ni Michelangelo ṣùgbọ́n kò mọ àwòrán yà. Giulio Mancini, dókítà kan tó ń kọ ìwé nípa àwòrán, náà kọ ọ́ pé nígbà tó wà ní Róòmù, ó ní bí wọ́n bá wó Ìdájọ́ Ìkẹyìn tí Michelangelo yà sí ilé àdúrà Sistine ní Róòmù lulẹ̀, òun lè ya òmíràn tí ìwà ọmọlúàbí yóò wà nínú rẹ̀, tí kò sì ní kéré sí i. Ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ló tún gbé ojú ọkùnrin náà sínú iṣẹ́ rẹ̀, tó sì ń lo ara tí ó lọ́ lọ́nà tirẹ̀ títí tó fi kú. Kò sí àwọn orí mẹ́rin náà nínú ti 1600 mọ́. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè mọ́ nígbà yẹn, lójú tara rẹ̀.

BàbáÌjọ kọ:

Àlàáfíà fún gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ìjọ wọlé, torí ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé yàrá ayàwòrán nìkan ni ìtàn náà wà.

Ní ayé El Greco, ìtàn yìí ń dá ìjà sílẹ̀. Ní 1521, Lucas Cranach ṣe àwòrán fún ìwé pẹlẹbẹ kan ní Jámánì fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn Luther: ojú ewé kan fi Jésù hàn tó ń lé àwọn onípàṣípààrọ̀ owó, ojú ewé tó kọjú sí i fi póòpù hàn tó ń ta ìwé ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí i mọ ẹni tí pàṣán náà ń wá. Àwọn Àgùdà kò fi ìtàn náà sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Trent, ìpàdé ńlá àwọn aṣáájú ìjọ Àgùdà, parí ní 1563, ìjọ Róòmù náà ti ń pe ara rẹ̀ ní ilé tó ń gbálẹ̀ ara rẹ̀, tó ń lé àwọn tó ba ẹ̀kọ́ jẹ́ síta. Toledo tí El Greco lọ gbé ni olú ìjọ gbogbo Sípéènì, kò sì sí ibi tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ yẹn le tó ibẹ̀. Bí àwòrán náà ṣe di ìdájọ́ ní 1600, mo rò pé ìlú tó wà bá a dá sí i. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ fún ọkàn rẹ̀ nìkan.

Ọlọ́dà kọ:

Bàbá, mo dúpẹ́, n kò ní fi Toledo sílẹ̀ mọ́ bí mo bá ń sọ ọ́. Mo kàn fẹ́ fi Kírétè kún un.

Kí ọkùnrin yìí tó dé Venice rárá, ayàwòrán àwòrán mímọ́ ti ìjọ Gíríìkì ni, ó sì ti di ọ̀gá nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ ìgbà yẹn, ikú Màríà, ṣì wà nínú ìjọ kan ní erékùṣù Syros, 1983 ni wọ́n rí orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń bi ayàwòrán pé kí ló dé tó tún ya Màríà. Bí akígbe oríkì ṣe ń tún ìlà tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ kì, tó sì mọ ibi tí yóò fi tirẹ̀ sí lójú agbo, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yà á. Ítálì ló kọ́ ọ pé iṣẹ́ tuntun ni iyì ayàwòrán. El Greco gba ẹ̀kọ́ Ítálì, ṣùgbọ́n kò ju ti ilé sílẹ̀. Ìdí nìyí tí àtúnyà kò fi tì í lójú, tí Jésù kan ṣoṣo sì fi tó o fún ohun tó lé ní 40 ọdún.

Aláròyé kọ:

Mo gbà fún yín lórí Washington, Minneapolis àti Lọ́ńdọ̀nù. Ti San Ginés ńkọ́? Ó ti darúgbó, Jorge Manuel ń bá a ṣiṣẹ́. Ṣé a lè sọ pé òun ló ronú ti ìkẹyìn yẹn?

Ọlọ́dà kọ:

Ọmọ rẹ̀ lè ti fọwọ́ kàn án, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n wo ohun tó yí padà níbẹ̀. Àwọn mẹ́rin ìṣáájú fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ga lọ. Eléyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bí 106 sẹ̀ǹtímítà ní gíga, 104 ní fífẹ̀. Ó ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé, ó jẹ́ kí òkè ga. Àwọn èèyàn wà nísàlẹ̀, ara wọn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n gùn, wọ́n ń jó bí ọwọ́ iná. Lẹ́yìn wọn, kò sí ojú sánmà Venice mọ́, kò sí gbàgede. Inú ilé ìjọ ni, pẹpẹ ńlá kan dúró lẹ́yìn Jésù, irú èyí tí El Greco fúnra rẹ̀ máa ń ṣètò fún àwọn ìjọ Toledo. Ère ọkùnrin ìhòòhò kan sì dúró nínú ihò ògiri.

Ẹ wo ibi tó wá kó àwọn oníṣòwò yẹn sí. Kì í ṣe tẹ́ḿpìlì àwọn Júù ayé àtijọ́ mọ́. Ilé ìjọ tirẹ̀ ni, níwájú pẹpẹ tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń gba owó láti kàn. Ẹni tó ń du 900 ducat ló gbé pàṣán wọ ibẹ̀. N kò rò pé oníbàárà kankan ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

MàmáSọ́ńdèSúkúù kọ:

Ẹ̀yin ọmọ, mo fẹ́ tẹ méjì jáde fún kíláàsì mi, owó ìtẹ̀wé àwọ̀ wọ́n. Èwo àti èwo ni kí n mú?

Ọlọ́dà kọ:

Ti Washington àti ti Lọ́ńdọ̀nù, Màmá. Ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì àwọn ilé àwòrán náà ni kí ẹ ti mú un, wọ́n mọ́lẹ̀ dáadáa níbẹ̀. Ẹ gbé ti Washington fún wọn ṣáájú, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá gbogbo ẹran àti ẹyẹ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó gbé ti Lọ́ńdọ̀nù fún wọn, kí ẹ ní kí wọ́n wá Ísáákì.